Ìwọ̀n Cornelius Kì Í Parọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Iléṣà pé òun fẹ́ràn Cornelius Bọ́lárìnwá, ẹ má dá a lóhùn. Kò sí ìfẹ́ tó ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn láti fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ti fẹ́ràn ara rẹ̀ tán.

Bó bá jí láàárọ̀, iwájú dígí ló ti ń kọ́kọ́ kí èèyàn, ara rẹ̀ náà ló sì ń kí. "Bọ́lárìnwá, Ikùn-ṣáájú-olówó-wọlé. Agbádá-ń-gbálẹ̀-kíyàwó-sinmi. Ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji." Phebe, aya rẹ̀, á máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí odó, á sì máa gún iyán tirẹ̀ lọ. Ogún ọdún ló ti fi ń gbọ́ ọ. Oríkì tí èèyàn bá ń ki ara rẹ̀, kì í pẹ́ sú ará ilé.

Kòkó ni Cornelius ń rà. Sítọ̀ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Òṣú, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀wàrà ló ń kó kòkó wá fún un jù, nítorí àna wọn ni. Ọmọ Ifẹ̀wàrà ni Phebe. Nínú sítọ̀ yìí ni ìwọ̀n ńlá kan wà, onípẹpẹ irin, pupa fòò, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ Cornelius sí láyà gàdàgbà. Àràárọ̀ ló ń fi àkísà nù ún. Kò nu ojú ọmọ rẹ̀ kankan bẹ́ẹ̀ rí.

"Ìwọ̀n mi kì í parọ́," ló máa ń sọ fún àgbẹ̀ tó bá wojú ìwọ̀n náà lẹ́ẹ̀mejì. "Bíbélì nìkan ló jù ú lọ. Ìyẹn náà, díẹ̀ ló fi jù ú."

Àgbẹ̀ á mirí, á gba ohun tí wọ́n bá fún un, á máa lọ. Ta ló fẹ́ bá àbúrò Bíbélì jà?

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí dùn jù ni Bàbá Ọlọ́rundáre, baba tó bí Phebe. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ṣoko kòkó ní Ifẹ̀wàrà. Oko yẹn ni wọ́n ti bí Phebe, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún márùn-ún, kòkó Bàbá ṣàdédé ń fúyẹ́. Igi kò dín, èso kò dín, àpò ń kún dẹ́nu. Àmọ́ bí wọ́n bá ti gbé e gun ìwọ̀n àna rẹ̀, ó di ohun tí kò tó nǹkan mọ́. Ti àwọn àgbẹ̀ yòókù náà ń fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kálukú rò pé tòun nìkan ni, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún ẹnì kejì.

"Bàbá, ilẹ̀ yín ti gbó," ni Cornelius sọ fún un lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí i tán. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àna tó o. "Bí èèyàn ṣe ń darúgbó náà ni ilẹ̀ ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Mo ti kun yàrá kan fún yín lẹ́yìnkùlé. Mo sì máa gbé rédíò tuntun sí i."

Oko tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé igbó rẹ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi rẹ̀, ló fẹ́ fi yàrá kan àti rédíò gbà. Wọ́n ní ojú ni ọ̀kánjúwà máa ń fi jẹun. Ti Cornelius, ojú rẹ̀ ti yó, ó tún ń fi imú jẹ.

Bàbá ronú títí, ó gbà. Wọ́n fi ọjọ́ tí yóò tẹ̀ka sí ìwé oko sí ọjọ́ Ajé.

Phebe bẹ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún. "Bàbá Lucy, ẹ fi oko yẹn sílẹ̀ fún bàbá mi. Ìyá mi wà níbẹ̀."

"Ṣé mo ní kí wọ́n hú u ni?" ni Cornelius wí, ó sì bu òkèlè iyán mìíràn.

Ọdún tí owó Údójì dé, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀, ọdún tí gbogbo ilé ra rédíò tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn mọ́. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ oníwàrà agolo kan láti Èkó kéde pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe àjọ̀dún bàlúùnù ní pápá ìṣeré Iléṣà. Kì í ṣe bàlúùnù ọmọdé tí wọ́n ń fi ẹnu fẹ́ o. Àpò aṣọ ni, ó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, iná gáàsì ni wọ́n fi ń da afẹ́fẹ́ gbígbóná sí i nínú. Bí inú rẹ̀ bá ti kún, á gbé apẹ̀rẹ̀ tó so rọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀ kúrò nílẹ̀, àtàwọn èèyàn tó dúró sínú rẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ìyẹ́. Ibi tí atẹ́gùn bá ń lọ ló ń lọ.

Iléṣà ní irọ́ ni. Cornelius ní òótọ́ ni, nítorí ó ti pinnu pé òun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún.

Ọ̀nà sì là fún un. Òyìnbó tó ń wa bàlúùnù gbọ́dọ̀ wọn gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gòkè, kó lè mọ iye tí apẹ̀rẹ̀ máa gbé. Ìwọ̀n tirẹ̀ sì ti fọ́ lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Cornelius gbọ́, ó sáré lọ bá wọn. Ó ní òun á yá wọn ní ìwọ̀n òun lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá gbà kí òun àti ìdílé òun kọ́kọ́ gòkè. Wọ́n gbà. Ó ní kí wọ́n kéde orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta kí òun tó gbéra. Wọ́n gba ìyẹn náà.

Nígbà tí Bàbá Ọlọ́rundáre gbọ́, òun náà ní ẹ̀bẹ̀ kan. "Àna mi, ẹ bá mi wá àyè nínú nǹkan yẹn. Mo fẹ́ fojú rí oko mi látòkè lẹ́ẹ̀kan kí n tó tẹ̀ka."

Inú Cornelius dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi rédíò kejì kún un.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, orí ń fọ́ Phebe, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gbé e gun ìwọ̀n, ó wò ó, ó ṣe ṣíọ̀. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ìyá Lucy, ẹ dín iyán kù." Kílò ṣì jẹ́ nǹkan tuntun nígbà náà, pọ́n-ùn ni a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ojú tí nọ́ọ̀sì fi wo Phebe ti túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó lọ sílé, ó gún iyán ọkọ rẹ̀, kò jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀run mọ́. Pápá kún fọ́fọ́. Bàlúùnù mẹ́rin ló nà sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dà bí agolo wàrà gan-an, àwọn ọmọdé sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn pé ta ló máa mu èyí tán. Bọ́lẹ́kájà kan kún fún àwọn ará Ifẹ̀wàrà, wọ́n wá wo bí àna wọn ṣe máa fò. Julianah ló ṣáájú wọn, opó àgbẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kò mọ ìsinmi. Àwọn tó ń ta gúgúrú náà kò gbẹ́yìn.

Pijó Cornelius wọlé, ó ń fọn fèrè láti ìta gbangba. Agbádá tuntun ló wọ̀, aláwọ̀ sánmà. Ó ní kí ọ̀run má baà rò pé àlejò ni òun. Phebe jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Bàbá, àti Lucy ọmọ rẹ̀, àti Silas àbúrò Lucy. Wọ́n sọ àga ńlá kan kalẹ̀ látinú búùtù, àga onítìmùtìmù. Wọ́n tún sọ kúlà kan kalẹ̀, iyán àti ẹran ìgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Òyìnbó náà ní irùngbọ̀n pupa. Ó wo àga, ó sọ̀rọ̀. Tíṣà Fẹ̀hìntọlá ló ń ṣe ògbifọ̀ fún un. Ẹ ó mọ Tíṣà bí ẹ bá ti lọ sí ìsọjí rí ní ilẹ̀ wa: òun ló máa ń túmọ̀ ìwàásù fún àwọn òyìnbó ìjọ Mẹ́tódíìsì. Ìwàásù ti bà á jẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fo ọ̀rọ̀ kan, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

"Òyìnbó ní kí ni ẹ fẹ́ fi àga ṣe," ni Tíṣà ké sí gbogbo pápá.

"Sọ fún un pé èmi Bọ́lárìnwá kò lè dúró lóòró lójú ọ̀run bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì."

Tíṣà sọ ọ́. Òyìnbó wo Cornelius, ó wo ikùn Cornelius, ó tún sọ̀rọ̀.

"Òyìnbó ní ó di ìgbà tí òun bá wọn yín tán. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, kí ẹ gbé e."

Wọ́n gbé ìwọ̀n pupa náà sílẹ̀ láàárín pápá. Cornelius kò jẹ́ kí òyìnbó fọwọ́ kàn án. Ó ní ìwọ̀n náà kò mọ ọwọ́ àjèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ọmọ ìwọ̀n, irin kékeré tó ń sọ iye, síwá sẹ́yìn lórí ọ̀pá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ gorí pẹpẹ, agbádá àti gbogbo rẹ̀. Irin náà kérora.

"Ọgọ́rin kílò," ni Tíṣà kéde.

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ó ní láti fẹ̀gbẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà sítọ̀ ara rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ ti rù," ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà dun Cornelius díẹ̀, nítorí ikùn rẹ̀ yẹn, ó ná an lówó. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ wo ojú ìwọ̀n, ẹ má wo ojú mi. Ìwọ̀n mi kì í parọ́."

Òyìnbó yọ orí, ó họ irùngbọ̀n. Ó jọ pé kò yé e.

Wọ́n wọn Lucy, wọ́n wọn Silas. Ó kan Phebe. Ó bọ́ bàtà, ó gorí pẹpẹ, ó dijú, nítorí ó mọ ohun tí Tíṣà máa fi gbohùngbohùn sọ fún gbogbo Iléṣà.

"Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́ta."

Phebe lajú. Ó rò pé Tíṣà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó wo ojú ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni lóòótọ́. Ọjọ́bọ̀ sí Àbámẹ́ta. Ìyàn kò mú, àìsàn kò ṣe é, ebi alẹ́ ọjọ́ kan péré ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń ṣírò rẹ̀ nínú ara rẹ̀, kò tíì mọ ohun tó ń ṣírò.

Bàbá Ọlọ́rundáre náà gùn ún. Ogójì kílò. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti gba kádàrá.

"Àna mi," ló wí, "èmi náà ti fúyẹ́ bíi kòkó mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé Phebe. Bàbá kò fúyẹ́. Òun náà kò fúyẹ́. Kòkó kò fúyẹ́ rí. Gbogbo ohun tó bá ti gun irin pupa yìí ló ń fúyẹ́.

Kí ni obìnrin ń ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Bó bá la ẹnu, ọkọ rẹ̀ tẹ́ lójú gbogbo Ìjẹ̀ṣà, àtòun àtàwọn ọmọ ni yóò sì jọ jẹ nínú ẹ̀tẹ́ náà. Bó bá pa ẹnu dé, lọ́jọ́ Ajé bàbá rẹ̀ á tẹ̀ka, á kó lọ sẹ́yìnkùlé, á máa gbọ́ rédíò títí tí yóò fi kú. Phebe wọ bàtà rẹ̀ padà. Ẹ má bínú sí i, ogún ọdún kì í ṣe ọjọ́ kan.

Òyìnbó ro gbogbo ìwọ̀n wọn pọ̀. Tíṣà ní àyè ṣì kù dáadáa. Ni Cornelius bá ní kí wọ́n gbé àga wọlé. Wọ́n gbé e. Ó ní kí wọ́n gbé kúlà wọlé. Wọ́n gbé ìyẹn náà. Gbogbo ìdílé wọ inú apẹ̀rẹ̀, Cornelius jókòó lórí àga, wọ́n sì kéde orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun náà bá wọn pè é.

Òyìnbó fa iná. Iná ké hàà sókè, bàlúùnù dúró ṣánṣán, okùn le. Cornelius gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí àwọn tó rò pé òun fẹ́ fi sílẹ̀. Ó juwọ́ títí. Ó wo ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Òyìnbó tún fa iná. Apẹ̀rẹ̀ mì, ó sún díẹ̀, ó jókòó padà gbàgà bí arúgbó tó fẹ́ dìde tí orúnkún kọ̀ fún un.

"Òyìnbó ní ó wúwo jù," ni Tíṣà wí. "Ó ní òun kò mọ ìdí. Ó ní kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀."

"Silas, sọ̀ kalẹ̀," ni Cornelius wí.

Silas sọ̀ kalẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Iná ké. Apẹ̀rẹ̀ kò lọ.

"Lucy."

"Dádì, àga ńkọ́?" ni Lucy bi í.

"Àga kì í wúwo bí ènìyàn kò bá jókòó lé e lórí."

"Ẹ̀yin lẹ jókòó lé e lórí, Dádì."

"Lucy, sọ̀ kalẹ̀."

Èrò ti ń rẹ́rìn-ín gan-an báyìí, nítorí Tíṣà, bí ìṣe rẹ̀, ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún òyìnbó nínú gbohùngbohùn. Lucy sọ̀ kalẹ̀. Iná ké. Apẹ̀rẹ̀ jókòó. Julianah pariwo láti inú èrò pé, "Kúlà iyán ńkọ́?"

"Iyán kò ṣe nǹkan kan fún yín," ni Cornelius dáhùn.

Òyìnbó pa iná. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́.

"Òyìnbó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ pípẹ́," ni Tíṣà túmọ̀. "Ó ní pẹ̀lú ìwọ̀n tí òun rí, ó yẹ kí a ti máa bá àwọn ẹyẹ sọ̀rọ̀. Ó ní bàlúùnù àti ìwọ̀n, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́."

"Sọ fún un pé bàlúùnù rẹ̀ ló ń parọ́. Àkísà lásán ni. Ó ti jò. Ìwọ̀n mi kì í parọ́. Gbogbo Ifẹ̀wàrà ló lè jẹ́rìí sí i."

Àwọn ará Ifẹ̀wàrà ń wo ìwọ̀n náà.

Cornelius yíjú sí aya rẹ̀. Òun àti Bàbá nìkan ló ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ rẹ̀. "Phebe, ìwọ ni. Ìwọ lo wúwo. Sọ̀ kalẹ̀, kí èmi àti Bàbá máa lọ. Bàbá gbọ́dọ̀ rí oko, ọjọ́ Ajé ń bọ̀."

Phebe wo bàbá rẹ̀. Bàbá dúró sí kọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀, ó di etí rẹ̀ mú gírígírí, ó kọjú sí apá Ifẹ̀wàrà bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi nìkan ló ń rí. Ni Phebe bá sọ̀ kalẹ̀. Kò lọ bá àwọn ọmọ. Ọ̀dọ̀ Tíṣà ló lọ.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi òyìnbó léèrè. Sìlíńdà gáàsì rẹ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn, ǹjẹ́ ó mọ bó ṣe wúwo tó?"

Tíṣà béèrè. Ó gbọ́ èsì. "Òyìnbó ní ọgbọ̀n kílò géérégé. Ó ní láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti lù ú mọ́ ọn lára."

"Ẹ ní kó gbé e gun ìwọ̀n ọkọ mi."

"Phebe," ni Cornelius pè láti inú apẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Phebe, kí ni ti gáàsì? Ṣé gáàsì náà fẹ́ gun òkè ni?" Ó dìde lórí àga, ó fẹ́ jáde. Agbádá aláwọ̀ sánmà ti há mọ́ okùn. Ó fà á, okùn náà fà á padà.

Òyìnbó gbé sìlíńdà gun pẹpẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ọmọ ìwọ̀n lọ́tẹ̀ yìí. Ó wò ó. Ó yọ ọ́, ó tún gbé e lé e.

"Ogún," ni Tíṣà kéde. "Mo tún un sọ. Ọgbọ̀n lára sìlíńdà, ogún lórí ìwọ̀n."

Gúgúrú nìkan ló ń bú ní pápá.

Julianah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. "Ibo ni mẹ́wàá tó kù wọlé sí?"

"Ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni," ni Cornelius wí. Tíṣà ti na ẹnu gbohùngbohùn sí i, bó ṣe máa ń nà án sí oníwàásù. "Títì ló bà á jẹ́."

"Láti sítọ̀ yín dé ìhín?"

"Ooru ló mú un."

"Ọyẹ́ yìí?"

Òógùn bo Cornelius. Ojú rẹ̀ ń yí káàkiri, ó ń wá ẹni tó máa gbé ẹrù náà rù, ó sì rí i. "Mùyídéènì ni. Alágbẹ̀dẹ Òkè Baálẹ̀ yẹn ní Òṣogbo, òun ló fi mí gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ò mọ nǹkan kan. Òun ló ní bí òun bá ti bu òjé sínú ọmọ ìwọ̀n náà kí ẹrù lè máa fúyẹ́ lórí rẹ̀, ọmọ aráyé kankan ò ní mọ̀."

Gbohùngbohùn gbé e lọ síwájú, ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó gbé e dé ibi tí àwọn olóúnjẹ wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọkùnrin náà, kò tíì sí ìgbà tí àwọn èèyàn gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀wàrà bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn. "Tìrẹ náà?" "Ó tó ọdún márùn-ún." "Mo rò pé èmi nìkan ni." "Mo ti na ọmọ mi nítorí pé kò sá kòkó dáadáa." Ẹni tó sọ èyí, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n já Cornelius gbà lọ́wọ́ okùn. Agbádá ya láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, ó nà gbalaja síwájú Bàbá Ọlọ́rundáre, tó ti sọ̀ kalẹ̀, nínú eruku. "Bàbá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ èṣù ni."

Bàbá kò gbé ohùn sókè. Ó ń wo ìwọ̀n, kò wo àna rẹ̀. "Ìwọ̀n yìí náà ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ẹ dìde, àna mi. Kì í ṣe tiyín ló ń dùn mí. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bá ilẹ̀ tí kò ṣẹ̀ mí jà. Mo bú u. Ojú igbó níbẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi ń bú u, ìyá Phebe sì wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń gbọ́."

Cornelius fẹ́ dìde, kò rí ibi tí yóò gbà. Ẹ mọ àwa Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí àwọn baba wa ń ta aṣọ kiri ìlú onílùú, ẹni tó bá rẹ́ wọn jẹ, wọn kì í bá a jà. Wọn á lóṣòó tì í lọ́rùn ni, wọn á ní àwọn ò dìde títí ọ̀rọ̀ ó fi tán. Ohun tí Ifẹ̀wàrà ṣe nìyẹn. Julianah ló kọ́kọ́ ká aṣọ sókè, ó lóṣòó. Ẹni kejì lóṣòó tì í. Kò pẹ́, gbogbo èrò bọ́lẹ́kájà náà ti lóṣòó yí Cornelius àti ìwọ̀n rẹ̀ ká, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ sọ nǹkan," ni Cornelius ń bẹ̀ wọ́n.

"A ti ń gbọ́ yín láti ọdún márùn-ún," ni Julianah wí. "Ẹ máa sọ ọ́ lọ."

Òyìnbó, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó rò pé bóyá àdúrà ni. Ó fọwọ́ kan Tíṣà, ó sọ̀rọ̀.

"Òyìnbó ní atẹ́gùn ṣì dára. Ó ní bí ẹnì kan bá wà tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ gan-an, kó máa bọ̀."

Phebe mú Lucy àti Silas lọ́wọ́. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gọ́rin," ló wí sínú gbohùngbohùn, ketekete. "Nọ́ọ̀sì ló wọ̀n mí." Àwọn obìnrin patẹ́wọ́ fún un. Wọ́n gbé àga sọ sílẹ̀, wọ́n gbé kúlà sọ sílẹ̀, wọ́n fojú díwọ̀n Bàbá àtàwọn ọmọ. Iná ké hàà. Apẹ̀rẹ̀ gbéra nílẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti fẹ́ lọ láti àárọ̀.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ sí apá Ifẹ̀wàrà. Iléṣà yọ nísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo òrùlé páànù rẹ̀, ó sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kúrò. Silas ń ka ọkọ̀. Ẹ̀rù ń ba Bàbá, kò sọ, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ Phebe mú bí ìgbà tí Phebe wà lọ́mọdé. Igbó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fò kọjá oko ọ̀pẹ, wọ́n fò kọjá odò kan.

"Tiwa dà?" ni Bàbá bi Phebe.

Phebe na ọwọ́ síwájú. Ní ibi tó nà án sí, ewé kòkó dí pọ̀ mọ́ra, ó dúdú mìnìjọ̀, kò sí ibi tí oòrùn fi kan ilẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá wò ó títí tí omi fi dé ojú rẹ̀. Kò nù ún.

"Phebe, kí ni wọ́n ní mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ ò ní nǹkan kan í ṣe mọ́, Bàbá."

"Irọ́," ni Bàbá wí. "Mo fẹ́ lọ roko."